Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lórí Àwòrán Ṣọ́ọ̀ṣì àti Sẹ́ẹ̀lì Inú Ara

Kí lẹ ń sọ gan-an? Kí ló kan àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì?

Ó dájú pé ẹ ti rí i lórí WhatsApp: ẹnì kan á gbé fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan á jẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Faransé, èkejì á jẹ́ nǹkan tí wọ́n wò lábẹ́ máíkírósíkópù, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn kan á ṣe àmín, àwọn kan á ní irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìjà á ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn àwòrán ìgbàgbọ́ mo sì fẹ́ràn bàíọ́lọ́jì, ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé ìjọra yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Nígbà míì ayàwòrán náà mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì, ó mọ̀ọ́mọ̀ yà á síbẹ̀ ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló wà níwájú ọmọlé àti sẹ́ẹ̀lì, irú bíi bí wọ́n ṣe máa pín òbìrìkìtì sí ọgbọọgba, ọ̀nà tó sì wà láti ṣe é ò pọ̀, ni àwọn méjèèjì bá pàdé síbì kan. Tí kò bá sí nínú méjèèjì yìí, a jẹ́ pé ojú àwa tá à ń wò ó ló so wọ́n pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe àmín.

Mi ò ṣe bàíọ́lọ́jì níléèwé. Kí ni sẹ́ẹ̀lì?

Gbogbo ohun tó bá ní ẹ̀mí, sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ara wa kéré débi pé tẹ́ ẹ bá to àádọ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ó lè má tó mìlímítà kan. Ó ní awọ tó yí i ká, inú ẹ̀ ni núkílíọ̀sì wà, inú núkílíọ̀sì ni DNA wà, DNA ló gbé ìtọ́ni bí ara ṣe máa rí dání, prótíìnì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Bakitéríà ní tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara ẹ̀, kò sì ní núkílíọ̀sì.

Ṣé àwọn ayàwòrán àtijọ́ mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì ni?

Wọn ò mọ̀ o. 1665 ni Robert Hooke tẹ ìwé ẹ̀ jáde ní London, èèpo igi kọ́ọ̀kì ló gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi máíkírósíkópù wò, ó wá rí i pé ihò kéékèèké ló kún inú ẹ̀. Láti 1674 lọ ni Antonie van Leeuwenhoek, ará Delft ní Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín nínú omi. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣẹ́ tá à ń sọ: Fra Angelico ya àwòrán sára ògiri yàrá àwọn mọ́ńkì ní San Marco, ní Florence, ní nǹkan bí 1440, Michelangelo parí àwòrán òrùlé Sistine, ilé àdúrà póòpù ní Vatican, ní 1512, Hieronymus Bosch kú ní 1516.

Ti Bosch yìí ni wọ́n ń bi mí jù, torí àwòrán ńlá ẹ̀ kan tó wà ní mùsíọ́mù Prado ní Madrid, tó kún fún àwọn nǹkan roboto tó mọ́ gaara bíi ìfóòfó ọṣẹ, tí èèyàn jókòó sínú wọn, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ló rí. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tó ti kú kí Leeuwenhoek tó rí ohunkóhun. Ojú inú tiẹ̀ ló fi yà á, ìyẹn gan-an ló sì yẹ ká fi yìn ín.

Ti òrùlé Sistine ńkọ́, tí wọ́n ní Michelangelo ya ọpọlọ yí Ọlọ́run ká?

Ọpọlọ lódindi nìyẹn, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ torí ẹ̀ ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ n dáhùn. Ní 1990, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Frank Meshberger, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà pé aṣọ pupa tó yí Ọlọ́run ká níbi tó ti ń dá Ádámù jọ ọpọlọ tí wọ́n là sí méjì. Ní 2010 àwọn onímọ̀ méjì láti yunifásítì Johns Hopkins tún sọ pé ọrùn Ọlọ́run níbi tó ti ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òkùnkùn, ìdí ọpọlọ ló wà níbẹ̀.

Michelangelo gé òkú ènìyàn wò nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ní Santo Spirito ní Florence, torí náà ó mọ bí inú orí ṣe rí. Ti àkọ́kọ́ ṣeé gbà lójú tèmi. Ti ọrùn yẹn, mo ti wò ó títí, àfi kí èèyàn fipá mú ojú ẹ̀ kó tó rí i.

Pásítọ̀ wa fi laminin wàásù, ó ní àgbélébùú wà nínú ara gbogbo wa. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni laminin wà. Prótíìnì ni, Rupert Timpl àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣàpèjúwe ẹ̀ ní 1979, látinú kókó kan tó hù lára eku. Ìpele fẹ́lẹ́ kan wà tí sẹ́ẹ̀lì awọ ara, ti iṣan, ti kíndìnrín máa ń jókòó lé, ibẹ̀ ni laminin wà, ó ń di sẹ́ẹ̀lì mú kó má ṣí nípò. Ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ló wé mọ́ra di ọ̀kan, ó ní apá kúkúrú mẹ́ta àti ẹsẹ̀ gígùn kan, ìdí nìyẹn tí àwòrán ẹ̀ nínú ìwé fi dà bí àgbélébùú. Louie Giglio, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kó tàn káàkiri ní bíi 2008, ó so ó mọ́ Kólósè 1:17, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní nínú Kristi ni ohun gbogbo dúró ṣọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwòrán inú ìwé yẹn, wọ́n nà á tọ́ kó lè yé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Tí wọ́n bá fi máíkírósíkópù oní-ẹ̀léktrọ́ọ̀nù wo laminin gan-an, apá ẹ̀ máa ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, òmíràn á tiẹ̀ dà bí ẹ̀ka igi tó ṣẹ́. Oríṣi laminin sì lé ní mẹ́wàá, wọn ò rí bákan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní laminin-332 tó wà lábẹ́ awọ ara wa, apá kúkúrú ẹ̀ ò gùn tó nǹkan kan, kò jọ àgbélébùú rárá, síbẹ̀ òun ló di awọ ara mú jù, ọmọ tí wọ́n bá bí láìní in, ẹ fọwọ́ kàn án lásán awọ ẹ̀ á lé ròrò á sì bó. Tó bá jẹ́ pé ìrísí àgbélébùú ló ń di nǹkan mú, èyí tí ò ní in yìí ò yẹ kó lè di ohunkóhun mú.

Ohun tó wá ń ká mi lára jù nìyí. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ kí iṣan ọmọ rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, laminin iṣan ẹ̀ ló bàjẹ́. Tí ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó sínú ìjọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń wàásù pé laminin ni àmì Kristi tó di wá mú, kí la fẹ́ kó gbọ́? Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù tóbi ju prótíìnì kan lọ, kò nílò kí prótíìnì kankan na apá kó tó dúró.

Fọ́tò DNA tó gbajúmọ̀ yẹn, ṣebí àgbélébùú ló wà lára ẹ̀?

Ẹ ń sọ ti Fọ́tò 51, èyí tí Raymond Gosling yà ní May 1952 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Rosalind Franklin ní King's College, London. Àmì X ló wà láàárín ẹ̀, ó hàn ketekete, ó dúdú, ó sì rẹwà, mi ò bá ẹni tó bá ní ó jọ àgbélébùú Áńdérù jà.

Àmọ́ kì í ṣe fọ́tò DNA bí a ṣe ń ya fọ́tò èèyàn. X-ray ni wọ́n tàn gba inú okùn DNA kọjá, ohun tó wà lórí fíìmù ni ibi tí ìtànṣán yẹn fọ́n ká sí. Ohunkóhun tó bá lọ́ bíi àtẹ̀gùn tó ń yí po, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ wò ó, ẹ máa rí i pé ó ń dà sọ́tùn-ún ó ń dà sósì, ìdà ọ̀tún á fọ́n ìtànṣán lọ sápá kan, ìdà òsì á fọ́n tiẹ̀ lọ sápá kejì, X nìyẹn. Ẹni tó mọ ìṣirò ẹ̀ tó bá ti rí X ti mọ̀ pé nǹkan tó lọ́ ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ méjì kan, Watson àti Crick, lè sọ bí DNA ṣe rí ní 1953. Lójú tèmi o, bí X yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí dùn ju pé ó jọ àgbélébùú lọ.

Fèrèsé òdòdó tí wọ́n fi ń wé DNA tí wọ́n wò láti òkè, ṣé wọ́n jọra lóòótọ́?

Wọ́n jọra lójú. Tẹ́ ẹ bá mú àwòrán DNA lórí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ wò ó látòkè bí ẹni ń yọjú wo kànga, ó máa ṣí bí òdòdó olójú mẹ́wàá, torí pé ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́wàá ló ń gbà kó tó lọ́ yí po lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá kà á dáadáa nínú omi, ó sún mọ́ mẹ́wàá àbọ̀, a jẹ́ pé òdòdó yẹn ò tiẹ̀ pa dé.

Fèrèsé Chartres, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Faransé, ní tiẹ̀, ìlọ́po méjìlá ni, méjìlá sì ní ìdí tiẹ̀: àpọ́sítélì méjìlá, ẹ̀yà Ísírẹ́lì méjìlá. Ti ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí 1215, ìdájọ́ ìkẹyìn ló wà lára ẹ̀. Ti àríwá, ní nǹkan bí 1235, Màríà àti ọmọ ẹ̀ ló wà láàárín. Àwọn tó ṣe é ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ìyẹn dànù kẹ́ ẹ lè sọ pé DNA ni, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Ṣé ìjọra kankan wà tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn?

Ó wà. Ilé ìrìbọmi àtijọ́ àti ẹnu ọ̀nà núkílíọ̀sì.

Ní Ravenna, ní Ítálì, ilé ìrìbọmi kan wà tí wọ́n kọ́ láàárín nǹkan bí ọdún 400 sí 450, tí wọ́n ń pè ní ti Neon. Igun mẹ́jọ ló ní. Jésù nínú omi Jọ́dánì ló wà láàárín òrùlé ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ni wọ́n fi tò ó, àwọn àpọ́sítélì méjìlá sì ń rìn yí i ká. Ti Lateran ní Róòmù, igun mẹ́jọ. Ti Florence, igun mẹ́jọ. Ìdí ẹ̀ ni pé Jésù jíǹde lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ keje, àwọn bàbá ìjọ wá ń pe ọjọ́ yẹn ní ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ayé tuntun, ẹni tó bá sì ṣe ìrìbọmi ti wọnú ayé yẹn.

Ẹ wá wo núkílíọ̀sì. Awọ ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní apá mẹ́jọ tó dọ́gba yí ihò àárín ká, prótíìnì bí ọgbọ̀n oríṣi ló para pọ̀ kọ́ ọ. Nǹkan kéékèèké lè gba ibẹ̀ kọjá fúnra wọn, àmọ́ prótíìnì ńlá ò lè wọlé láìsí ẹni tó mú un wọlé, àmì kan gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, prótíìnì míì á dá àmì yẹn mọ̀, á wá sìn ín kọjá. Mẹ́jọ sí mẹ́jọ yẹn ṣe kòńgẹ́ ni, kò sí ẹni tó wo núkílíọ̀sì ní Ravenna. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ẹnu ọ̀nà ni àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì sì ń béèrè pé ta ló mú ọ wá. Láyé àtijọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa dúró fún un. Mo mọ̀ pé ojú mi ló so wọ́n pọ̀, mi ò sì ní fi wàásù fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ dárúkọ ayàwòrán kan tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́ẹ̀lì tàbí DNA sínú àwòrán ìgbàgbọ́.

Salvador Dalí, ará Sípéènì. Ní 1963 ó ya àwòrán kan tí orúkọ ẹ̀ gùn tó gbólóhùn kan, Galacidalacidesoxyribonucleicacid, orúkọ Gala ìyàwó ẹ̀ wà nínú ẹ̀, orúkọ DNA lódindi náà wà nínú ẹ̀, ó sì fi júbà Crick àti Watson. Ó ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ó wà ní mùsíọ́mù Dalí tó wà ní St. Petersburg ní Florida. DNA ń lọ́ lápá òsì. Lápá ọ̀tún, àwọn ọkùnrin tò bí igun àpótí, oníkálùkù na ìbọn sórí ẹnìkejì ẹ̀. Lójú ọ̀run, ọwọ́ Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbé òkú Kristi dìde. Gala dúró nísàlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wò wọ́n.

Ní September 1962, àgbàrá òjò pa ọ̀pọ̀ èèyàn lágbègbè Barcelona, ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwòrán yìí jáde, èèyàn ò sì lè wo ọwọ́ tó ń fa òkú sókè yẹn kó má rántí wọn. Dalí ti padà sínú ìjọ Kátólíìkì nígbà yẹn, ó máa ń pe DNA ní àkàbà Jákọ́bù, ó tún sọ pé lójú òun, ohun tí Watson àti Crick rí yìí ni ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà. Crick fúnra ẹ̀ ò gba Ọlọ́run gbọ́, ní 1961 ó kọ̀wé fi ipò ẹ̀ sílẹ̀ ní Churchill College, Cambridge, torí pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀. Dalí júbà ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Èmi gbà pé iṣẹ́ yìí lágbára ju gbogbo fọ́tò WhatsApp pọ̀, torí kò sọ pé DNA jọ nǹkan kan. Ó fi ohun tó ń fúnni ní ìyè sápá kan, ó fi àwọn tó ń pa ara wọn sápá kejì, ó wá fi àjíǹde sókè àwọn méjèèjì.

William Blake ti ya àkàbà Jákọ́bù tó lọ́ bíi DNA ṣáájú ìgbà náà. Ṣé ìran ló rí?

Blake, ayàwòrán ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya á láàárín 1799 sí 1806, ó wà ní British Museum. Dípò àkàbà tó dúró ṣánṣán, àtẹ̀gùn tó ń yí po lọ sókè ló yà, àwọn áńgẹ́lì ń lọ wọ́n ń bọ̀. Kódà wọn ò tíì yọ DNA jáde látinú sẹ́ẹ̀lì rí, 1869 ni Friedrich Miescher ṣe ìyẹn. Àtẹ̀gùn Blake, ọ̀kan ṣoṣo ló ń lọ́, DNA jẹ́ okùn méjì tó lọ́ mọ́ra.

Ẹ fi ti mọ́násítírì Catherine Mímọ́ ní Sínáì wé e, ti ọdún 1100 sókè: àkàbà ibẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ipele ẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n, àwọn mọ́ńkì ń gùn ún, àwọn ẹ̀mí èṣù ń fi ìwọ̀ fà wọ́n bọ́. Ẹni tó ya ìyẹn ń sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè já bọ́. Blake ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láìsí ìdíwọ́, àtẹ̀gùn tó yí po sì fún wọn láyè. Ìdí tí ó fi lọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ máa ń tàn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, bí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé Màríà nínú àwòrán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èyí ti 2016 ni, láti yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà. Tí ẹyin obìnrin bá jí, ó máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ zinc jáde lójijì, òótọ́ ni ìyẹn. Àmọ́ zinc kì í tàn fúnra ẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà ti fi kẹ́míkà kan sínú omi tó wà níta ẹyin, kẹ́míkà yẹn ló máa ń tàn tí zinc bá kàn án. Wọn ò sì fi àtọ̀ sí i rárá, torí òfin ò jẹ́ kí wọ́n fi owó ìjọba ṣe irú ẹ̀, nǹkan míì ni wọ́n fi jí ẹyin náà. Nínú ara obìnrin, inú òkùnkùn ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwòrán tí wọ́n sábà máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni ti Carlo Crivelli, 1486, tó wà ní National Gallery ní London: ìtànṣán wúrà já látọ̀run, ó gba ara ògiri wọlé, ó bà lé orí Màríà níbi tó ti ń gbàdúrà. Crivelli ń ya ohun tí ojú ò lè rí, ó sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di fọ́tò lábù.

Ti ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára oúnjẹ mímọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé bakitéríà ni.

Ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́, torí ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ni. Ìtàn Bolsena, ní Ítálì, 1263: àlùfáà kan ń ṣiyè méjì, nígbà tó ń ṣe máàsì ni ẹ̀jẹ̀ yọ lára búrẹ́dì. Aṣọ pẹpẹ yẹn ṣì wà ní kàtídírà Orvieto, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Póòpù Urban Kẹrin fi àjọ̀dún Ara Kristi lélẹ̀ fún gbogbo ìjọ, Raphael sì ya ìtàn náà sára ògiri Vatican ní 1512.

Ní 1819, bàbá kan tó ń jẹ́ Bartolomeo Bizio ń wádìí nǹkan pupa tó ń yọ lára oúnjẹ àgbàdo lẹ́bàá Padua, tẹ́rù ti ba àwọn ará abúlé, ó wá rí i pé ohun ẹlẹ́mìí ni, ó sọ ọ́ ní Serratia. Bakitéríà yìí máa ń hù lára oúnjẹ oníyẹ̀fun tí omi bá wà lára ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti gbìn ín sára búrẹ́dì máàsì nínú lábù, ó sì hù. Ìyẹn fi hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀, kò fi hàn pé òun ló ṣẹlẹ̀ ní Bolsena.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé irú ìtàn báyìí ti pa èèyàn. Nílẹ̀ Yúróòpù ìgbà yẹn, wọ́n máa ń fẹ̀sùn kan àwọn Júù pé wọ́n gún oúnjẹ mímọ́ tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì sun wọ́n. Paolo Uccello ya irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sábẹ́ pẹpẹ kan ní Urbino láàárín 1465 sí 1468, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ, gbogbo wọn wà nínú iná. Ẹni tó bá ń fi àwòrán wọ̀nyí kọ́ni gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà.

Ṣé àwòrán kan wà tí àìsàn sẹ́ẹ̀lì wà lára ẹ̀ gan-an?

Pẹpẹ Isenheim, ti Matthias Grünewald, 1512 sí 1516, ó wà ní Colmar ní Faransé báyìí. Ọsibítù àwọn mọ́ńkì Ańtóníọ̀ Mímọ́ ni wọ́n yà á fún, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná Ańtóníọ̀ ń jó. Àìsàn yẹn, fúngáàsì kan tó ń hù lára ọkà rye ló ń fà á, májèlé ẹ̀ máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á kú, ẹran ara á dúdú, ó máa ń di pé kí wọ́n gé e kúrò.

Grünewald ò mọ sẹ́ẹ̀lì, ò mọ fúngáàsì, àmọ́ ó rí àwọn aláìsàn. Ó ya Kristi lórí àgbélébùú pẹ̀lú awọ tó kún fún egbò, ó ya ìka ọwọ́ ẹ̀ tó lọ́ tó gan. Lápá míì pẹpẹ náà, ó ya ẹnì kan tí ikùn ẹ̀ wú, tí eéwo bo gbogbo ara ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń jẹrà á wo òkè láti orí ẹní, á rí Olúwa tí ara tòun náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí tó kan mí tó èyí.

Mẹ́talọ́kan àti collagen ńkọ́?

Collagen ni prótíìnì tó pọ̀ jù nínú ara wa, ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ló wé mọ́ra bí irun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Ramachandran àti Kartha ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 1954, ní Madras ní Íńdíà. Ó jọ àmì okùn mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe Mẹ́talọ́kan lóòótọ́. Àmọ́ nínú collagen tó wà nínú egungun àti awọ ara, ẹ̀wọ̀n méjì jọra, ẹ̀kẹta yàtọ̀. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan á kọ́ni ní ohun tí ìjọ ò gbà.

Ṣé ìjọra kan wà tí kì í ṣe ti ojú, tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́?

Fàdákà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1300 sókè, àwọn tó ń ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi èròjà fàdákà kun gíláàsì, wọ́n á fi sínú iná, á di àwọ̀ yẹ́lò, òun ni wọ́n fi ń ṣe irun áńgẹ́lì àti adé àwọn ẹni mímọ́ láìjẹ́ pé wọ́n gé gíláàsì tuntun. Ní 1873, Camillo Golgi fi èròjà fàdákà kun ọpọlọ, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló gbà á, ìwọ̀nyẹn dúdú látòkè délẹ̀, ìyókù ò hàn, èèyàn wá rí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láìlọ́júpọ̀. Ramón y Cajal lò ó, ó tún un ṣe, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Ẹni tó ń kun gíláàsì àti ẹni tó ń kun ọpọlọ, wàhálà kan náà ni wọ́n ní: ohun tó mọ́ gaara, báwo la ṣe máa jẹ́ kó hàn?

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ṣé àwa náà ò ní nǹkan kan níbẹ̀?

A ní àwòrán ìgbàgbọ́ tó dáa gan-an. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll wà lára wọn, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé ọmọ Aréògún gbẹ́gi níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà àwọn baba wọn ni wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Bíbélì, èèyàn inú ẹ̀ wọ aṣọ wa.

Ẹ má wá DNA lára ilẹ̀kùn yẹn o. Ohun tó so ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì ni igi fúnra ẹ̀. Kọ́ọ̀kì tí Hooke wò àti igi ìrókò, ògiri sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló kún inú àwọn méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì inú igi gùn, wọ́n sì tò síbì kan náà, ìdí nìyẹn tí igi fi máa ń là gba ibi tó tò sí, tí agbẹ́gilére tó bá gbé àáké gba ibòmíì á bà á jẹ́. Ọwọ́ wọn mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tò látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́.

Tí wọ́n bá fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́ sí mi, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kí n gbà á?

Ẹ wo ọdún tí wọ́n ya iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ wo ọdún tí wọ́n rí nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Èyí nìkan á tú àṣírí ọ̀pọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá fọ́tò ni àbí àwòrán tí ẹnì kan yà, torí àwọ̀ tó ń dán nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò sẹ́ẹ̀lì, èèyàn ló yàn án, kọ̀ǹpútà ló kùn ún, ohun tí máíkírósíkópù oní-ẹ̀léktrọ́ọ̀nù bá rí ò ní àwọ̀ rárá. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti yí i lórí, gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tàbí nà á tọ́.

Kẹ́ ẹ wá béèrè àwọn tí wọn ò fi hàn yín. Prótíìnì inú ara wa lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ẹni tó bá wá inú wọn á rí àgbélébùú, á rí òṣùpá, á rí ìràwọ̀, á rí ohun tí ẹlẹ́sìn èyíkéyìí bá ń wá.

Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní Sunday school. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Fún àwọn kéékèèké, ilé ìrìbọmi Ravenna. Ẹ fi òrùlé ẹ̀ hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka igun mẹ́jọ fúnra wọn, ẹ sọ ti ọjọ́ kẹjọ, kẹ́ ẹ tó fi ẹnu ọ̀nà núkílíọ̀sì hàn wọ́n, kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n ṣe kòńgẹ́ ni. Ọmọ ọdún méje lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kó sì yé e. Fún àwọn tó ti wọ ṣẹ́kọ́ńdírì, pẹpẹ Isenheim, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín, torí egbò yẹn le, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tí aláìsàn wà nílé wọn. Ti Dalí, ó di ọwọ́ àwọn àgbà ọ̀dọ́, ìbọn wà níbẹ̀, wọ́n á sì ní ìbéèrè lórí Crick, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.